Àyè Tí A Fi Sílẹ̀ fún Orúkọ

Àwọn olóòtú ìwé yìí ni wọ́n bẹ̀ wá pé kí a kọ nǹkan nípa ìkànnì ayélujára àwọn akẹ́kọ̀ọ́ àtijọ́ tí ìgbìmọ̀ wa ṣe. Wọ́n ní ọ̀pọ̀ ènìyàn ni ó ń bèèrè bí àlùfáà tí irun rẹ̀ ti funfun ṣe bá ara rẹ̀ nídìí iṣẹ́ kọ̀ǹpútà. Ìdáhùn wa ni pé a kò dá a ṣe, a kò sì lè fi gbogbo ẹnu sọ pé a mọ̀ ọ́n ṣe. Ṣùgbọ́n ìdí mìíràn wà tí a fi gbà láti kọ ọ́. Nínú iṣẹ́ náà ni a ti ṣẹ ẹnì kan tí ó jókòó tì wá ní kíláàsì ní nǹkan bí àádọ́ta ọdún sẹ́yìn. Ohun tí a rí kọ́ nínú ẹ̀ṣẹ̀ náà tó ohun tí a lè fi ta ẹlòmíràn lólobó.

Ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ láti ìpìlẹ̀. Ẹgbẹ́ wa ti ní ìkànnì tẹ́lẹ̀ rí. Ọ̀kan nínú wa ni ó fi owó ara rẹ̀ ṣe é, inú gbogbo wa sì dùn sí i nígbà náà. Ọwọ́ ni a fi kọ ojú-ewé kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, ojú-ewé kan fún àwọn tí ó jáde ní ọdún kan. Orí ojú-ewé kọ̀ọ̀kan ní àmì ilé ẹ̀kọ́ àti orúkọ ẹgbẹ́, ìsàlẹ̀ rẹ̀ sì ní nọ́ńbà tẹlifóònù akọ̀wé. Nígbà tí a yan akọ̀wé tuntun, ó di dandan kí a ṣí gbogbo ojú-ewé náà lọ́kọ̀ọ̀kan kí a tó lè pa nọ́ńbà àtijọ́ rẹ́. Ẹni tí ó ṣe iṣẹ́ náà gbàgbé mẹ́ta. Fún odidi ọdún kan lẹ́yìn náà, àwọn ará wa ní Amẹ́ríkà ṣì ń pe akọ̀wé àtijọ́ ní ọ̀gànjọ́ òru, tí wọ́n ń bi í léèrè iye owó ẹgbẹ́. Òun náà sì ti di ẹni tí kò fẹ́ gbọ́ orúkọ ìkànnì mọ́.

Ní 2021, ẹgbẹ́ yan ìgbìmọ̀ ẹlẹ́ni márùn-ún láti ṣe òmíràn, wọ́n sì fi wá jẹ alága rẹ̀. Ọ̀dọ́mọbìnrin kan tí ó jáde ní 2012, tí ó ń fi iṣẹ́ kọ̀ǹpútà jẹun ní Èkó, ni ó gbà láti ṣe é lọ́fẹ̀ẹ́. Ní ìpàdé àkọ́kọ́, a bi í pé oṣù mélòó ni yóò fi kọ ojú-ewé fún gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ àtijọ́ tí orúkọ wọn wà nínú ìwé ìforúkọsílẹ̀. Ó rẹ́rìn-ín músẹ́.

“Bàbá, ojú-ewé kan ṣoṣo ni mo máa kọ, sà. Ọ̀kan yẹn ló máa di gbogbo yòókù.”

Template ni àwọn onímọ̀ kọ̀ǹpútà ń pe ojú-ewé kan ṣoṣo bẹ́ẹ̀. Àwa yóò máa pè é ní bátànì nínú àròkọ yìí. Bí aránṣọ bá fẹ́ rán aṣọ fún odidi ẹgbẹ́ akọrin, kò ní máa ro bí ọrùn yóò ti rí lákọ̀tun fún ẹnì kọ̀ọ̀kan. Yóò gé páálí kan, yóò gbé e lé aṣọ, yóò sì máa gé e lọ. Ìwọ̀n olúkúlùkù ni yóò yàtọ̀, ṣùgbọ́n ọrùn, apá àti etí aṣọ yóò bá ara wọn mu. Bátànì ojú-ewé náà kò yàtọ̀ sí èyí. A ti kọ gbogbo ohun tí kò ní yí padà sórí rẹ̀, a sì ti fi àyè sílẹ̀ fún ohun tí yóò máa yí padà láti orí ẹnì kan dé orí ẹlòmíràn.

Bí a ti lóye iṣẹ́ náà nìyí. Bí ẹnikẹ́ni yín bá fi ìka tẹ orúkọ ọ̀rẹ́ rẹ̀ lórí fóònù, àdírẹ́sì kan ni ó gbéra lọ sí ọ̀dọ̀ kọ̀ǹpútà tí ó ń tọ́jú ìkànnì wa. Ìwé àdírẹ́sì kan wà níbẹ̀ tí ó dà bí adènà: yóò wo ohun tí ẹ béèrè, yóò sì fà yín lé òṣìṣẹ́ tí ọ̀ràn náà kàn lọ́wọ́. Òṣìṣẹ́ yìí, tí wọ́n ń pè ní view, kì í ṣe ènìyàn; ìlà ìtọ́ni mélòó kan lásán ni. Òun ni yóò lọ sínú àká ìsọfúnni, tí yóò mú àkọsílẹ̀ ọ̀rẹ́ yín jáde, tí yóò gbé e fún bátànì. Bátànì yóò fi orúkọ sí àyè orúkọ, yóò fi iṣẹ́ sí àyè iṣẹ́, ojú-ewé tí ó ti parí yóò sì padà wá bá yín. Kí ẹ tó béèrè, ojú-ewé náà kò sí níbì kankan. Ìbéèrè yín ni ó dá a.

Django ni orúkọ irinṣẹ́ tí ọmọ wa yìí lò. Adrian Holovaty àti Simon Willison ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní 2003, nílé iṣẹ́ ìwé ìròyìn Lawrence Journal-World ní ìlú Lawrence, ìpínlẹ̀ Kansas, ní Amẹ́ríkà. Àwọn oníròyìn kì í ní àkókò. Bí ìròyìn bá dé, ojú-ewé rẹ̀ gbọ́dọ̀ jáde kí ọjọ́ tó rọ̀. Nítorí èyí ni wọ́n ṣe fẹ́ ohun èlò tí yóò ya ìrísí ojú-ewé sọ́tọ̀ kúrò lára ohun tí ó wà nínú rẹ̀, kí ẹni tí ń tún ìrísí ṣe má baà ba iṣẹ́ ẹni tí ń kó ìsọfúnni jọ jẹ́. Ní 2005 ni wọ́n tú u sílẹ̀ kí gbogbo ayé máa lò ó láìsan kọ́bọ̀. Wọ́n fi sọrí Django Reinhardt, ataGìtá tí iná jó lọ́wọ́ òsì ní 1928, tí méjì nínú ìka rẹ̀ kò fẹ́rẹ̀ẹ́ wúlò mọ́, ṣùgbọ́n tí ó fi ìka yòókù ta gìtá títí òkìkí rẹ̀ fi kàn ká ayé.

Nígbà tí ọmọ wa ṣí bátànì rẹ̀ hàn wá, a rí i pé oríṣi àmì méjì ni ó wà láàárín ọ̀rọ̀ tí ó kọ. Èkíní ni àmì àyè, tí wọ́n fi àkámọ́ wíwọ́ méjì-méjì sé lọ́tùn-ún lósì: níbi tí ó bá wà, orúkọ ẹnì kan ni yóò wọ ibẹ̀. Èkejì ni àmì àṣẹ: bí nǹkan yìí bá wà, kọ ọ́, bí kò bá sí, fò ó, fún ẹnì kọ̀ọ̀kan nínú ẹgbẹ́ yìí, tún un ṣe lẹ́ẹ̀kan sí i. Ẹni tí ó bá wá wo ìkànnì kò ní rí ọ̀kankan nínú àwọn àmì wọ̀nyí láé. Iṣẹ́ wọn ti tán kí ojú-ewé tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀.

Ẹnu yà á nígbà tí a sọ fún un pé a ti ń lo irú ìwé bẹ́ẹ̀ láti ìgbà tí a ti wà ní ilé ẹ̀kọ́ àwọn àlùfáà. Ẹni tí ó bá ti ṣí Ìwé Àdúrà tí Ìjọ Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tẹ̀ jáde ní 1549, tàbí èyí tí wọ́n tún ṣe ní 1662, yóò ti rí lẹ́tà N níbi tí ó yẹ kí orúkọ ọmọ tí a fẹ́ ṣèrìbọmi fún wà. Láti inú ọ̀rọ̀ Látìnì tí ó túmọ̀ sí orúkọ ni wọ́n ti mú un. Yàtọ̀ sí èyí, ìtọ́ni kéékèèké wà láàárín àdúrà, tí wọ́n máa ń fi yíǹkì pupa tẹ̀ nígbà àtijọ́: níhìn-ín ni kí àlùfáà ti gba ọmọ sọ́wọ́, níhìn-ín ni kí ìjọ ti dìde. Ìtọ́ni náà wà fún àlùfáà láti ṣe. Kò sí ẹni tí ń kà á síta.

A ní ẹlẹgbẹ́ kan ní ilé ẹ̀kọ́ náà tí ẹ̀rù máa ń bà púpọ̀. Ní ọjọ́ tí a fi ọmọláńgidi kọ́ bí a ti ń ṣe ìrìbọmi, ó gbé ọmọláńgidi náà sókè, ó sì fi ohùn rara kà pé “Ẹ́ńnì”, bí ẹni pé orúkọ tí àwọn òbí rẹ̀ sọ ọ́ nìyẹn. Gbogbo wa bú sẹ́rìn-ín. Olùkọ́ wa kò rẹ́rìn-ín. Ó pa ìwé dé, ó ní, “Wọ́n fi àyè sílẹ̀ fún ọ láti fi orúkọ ọmọ sí. Ìwọ wá fi àyè náà sọ ọmọ lórúkọ.” Láti ọjọ́ náà, a kì í bẹ̀rẹ̀ ìsìn ìrìbọmi láìkọ orúkọ ọmọ sórí bébà kékeré kan, kí a sì béèrè lọ́wọ́ ìyá rẹ̀ bí a ti ń pè é. Ilé ni à ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Ẹni tí kò wo ilé, lẹ́tà ni yóò pè.

Ìtàn mìíràn tí a kọ́ níbẹ̀ tún wá sí wa lọ́kàn. Ṣáájú kí Gutenberg tó parí Bíbélì rẹ̀ ní ìlú Mainz, ní Jámánì, ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ìgbà náà ti ń tẹ ìwé ìdáríjì tí Ìjọ ń fún àwọn tí ó bá san owó. Èyí tí ó ṣẹ́ kù nínú wọn láti 1454 àti 1455 fi àyè sílẹ̀ fún orúkọ ẹni tí ó san owó náà àti ọjọ́ tí ó san án. Ọ̀rọ̀ gbogbo wọn dọ́gba. Wọn yóò fi yíǹkì kọ orúkọ sínú àyè, ó parí. Ẹ̀yin náà mọ ìjà tí irú ìwé bẹ́ẹ̀ dá sílẹ̀ ní 1517. Bátànì máa ń gba orúkọ ènìyàn láì tí ì mọ ẹni náà rárá. A mọ èyí, a tilẹ̀ fi kọ́ àwọn ọ̀dọ́ ní kíláàsì Bíbélì, síbẹ̀ kò gbà wá sílẹ̀ lọ́wọ́ ohun tí a fẹ́ ròyìn yìí.

Iṣẹ́ náà ń lọ déédéé. Ọmọ wa kọ bátànì ìyá kan, èyí tí ó gbé àmì ilé ẹ̀kọ́, àwọ̀ rẹ̀ àti nọ́ńbà akọ̀wé. Àwọn bátànì ọmọ wá ń jogún gbogbo èyí láti ara ìyá: ọ̀kan fún orúkọ ẹgbẹ́ ọdún kan, ọ̀kan fún ẹnì kọ̀ọ̀kan, ọ̀kan fún ìròyìn. Bí akọ̀wé bá yí padà lọ́la, ibì kan ṣoṣo ni a óò ti tún nọ́ńbà ṣe, gbogbo ojú-ewé ni yóò sì gbà á.

Ìyọnu kan tí ẹ̀yin òbí yẹ kí ẹ mọ̀ ni ti àmì ohùn. Nínú ètò lẹ́tà tí gbogbo kọ̀ǹpútà ayé ń lò, ẹ olóhùn àárín ní nọ́ńbà tirẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ tí a fi àmì òkè sí kò ní nọ́ńbà kan ṣoṣo. Ńṣe ni a ń so lẹ́tà àti àmì pọ̀, a sì lè so wọ́n pọ̀ ní ọ̀nà ju ẹyọ kan lọ. Lójú ènìyàn, orúkọ kan náà ni. Lójú kọ̀ǹpútà, orúkọ méjì ni. Ènìyàn á wá orúkọ ara rẹ̀, ìkànnì á ní òun kò mọ̀ ọ́n. Ọmọ wa ní láti kọ ìtọ́ni tí ó ń sọ gbogbo orúkọ di oríṣi kan kí a tó tọ́jú wọn. Àwọn kan nínú ìgbìmọ̀ ní kí a kúkú yọ gbogbo àmì kúrò, kí ọ̀nà lè rọrùn. A kọ̀. Orúkọ tí òbí fi àdúrà sọ ọmọ kò yẹ kí ó pàdánù ohùn rẹ̀ nítorí ìrọ̀rùn ẹ̀rọ. Inú wa dùn sí ara wa púpọ̀ ní ọjọ́ náà, a rò pé a ti ṣe ẹ̀tọ́ fún gbogbo orúkọ.

Kò pẹ́ lẹ́yìn náà ni a jókòó láti pinnu irú àyè tí yóò wà nínú bátànì ẹnì kọ̀ọ̀kan. Ìpàdé náà kò gbà wá ju wákàtí kan lọ. Àwa gan-an ni a mú kálámù. A kọ orúkọ, a kọ ilé tí ó gbé nígbà tí ó wà nílé ẹ̀kọ́, a kọ iṣẹ́, a kọ ìlú tí ó ń gbé. Lókè gbogbo rẹ̀, lábẹ́ orúkọ, a kọ “Ọdún tí ó jáde”, a sì ní ọdún yìí ni kí wọ́n máa fi to gbogbo ènìyàn sí ẹgbẹ́ ẹgbẹ́. Kò sí ẹni tí ó jiyàn. Bí a ti ń pe ara wa láti ọjọ́ tó ti pẹ́ nìyẹn. Nígbà tí ọmọ wa fẹ́ dán ojú-ewé náà wò, ó béèrè àkọsílẹ̀ ẹnì kan tí ó lè lò, a sì fún un ní tiwa. Ojú-ewé náà jáde, ó kún, ó dán, kò sí àyè kan tí ó ṣófo nínú rẹ̀. A pàtẹ́wọ́.

Ní ọ̀sẹ̀ kejì tí a ṣí ìkànnì náà fún gbogbo ènìyàn, fóònù wa dún ní àárọ̀ kùtù.

“Ẹ káàárọ̀, Àlùfáà.”

A mọ ohùn náà. A jọ wọlé ní 1971 ni, a jọ gé koríko pápá, a jọ jìyà ẹ̀wà ọjọ́ Ẹtì. Ìnagijẹ ilé ẹ̀kọ́ ni ó fi ń pè wá láti ìgbà náà, “ìwọ” ni ó sì ń bá wa sọ, oyè àlùfáà kò yí ìyẹn padà. “Ẹ” tí ó lò ní àárọ̀ ọjọ́ náà ti sọ fún wa pé nǹkan ti bàjẹ́.

“Ọmọ ọmọ mi ló fi ojú-ewé mi hàn mí lórí fóònù rẹ̀. Wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé ‘Ọdún tí ó jáde: None’. Ọmọ náà bi mí pé, ‘Bàbá àgbà, kí ni None?’ Mo ní kí n bi yín, torí pé ẹ̀yin ni alága.”

A dáhùn pé iṣẹ́ kọ̀ǹpútà ni, pé àṣìṣe ni, pé a óò tún un ṣe. Ó dákẹ́ díẹ̀.

“Kọ̀ǹpútà ò mọ̀ mí, Àlùfáà. Ẹ̀yin mọ̀ mí.”

Òótọ́ ni, a mọ̀ ọ́n. Ní 1974, nígbà tí a wà ní fọ́ọ̀mù fọ́ọ̀, bàbá rẹ̀ kú. Ní sáà tí ó tẹ̀ lé e, orúkọ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í wà lára orúkọ àwọn tí wọn kò tí ì san owó ilé ẹ̀kọ́, tí wọ́n ń kà síta lórí ìlà ní òwúrọ̀. Orúkọ máa ń dín kù lójoojúmọ́ bí àwọn òbí ti ń san owó. Ní ọjọ́ kan ó ku tirẹ̀ nìkan. A rí i tí ó gbé àpótí onípákó rẹ̀ lé orí, tí ó gba ẹ̀gbẹ́ ilé ìsìn lọ sí ẹnu ọ̀nà. Aago kíláàsì ti lù, nítorí náà a kò sìn ín. Ọdún márùn-ún lẹ́yìn náà, ní 1979, ni ìjọba àwọn ìpínlẹ̀ ilẹ̀ Yorùbá sọ ẹ̀kọ́ gírámà di ọ̀fẹ́. Ó ti pẹ́ jù fún un. Ó ti ń kọ́ṣẹ́ ìtẹ̀wé nígbà náà.

A pe ọmọ wa, ó sì ṣàlàyé. Ìwé ìforúkọsílẹ̀ ilé ẹ̀kọ́ ni wọ́n ti kó orúkọ, ìwé náà sì ní gbogbo ẹni tí ó wọlé. Àyè ọdún ìjáde ṣófo nínú àkọsílẹ̀ rẹ̀. Bí àyè kan bá wà nínú àká tí a kò sì fi nǹkan kan sí i, None ni Django ń kọ síbẹ̀, ọ̀rọ̀ òyìnbó tí ó túmọ̀ sí pé kò sí rárá. Ẹ̀rọ náà ṣe ohun tí ẹlẹgbẹ́ wa ṣe níwájú ọmọláńgidi: ó ka àmì àyè síta bí ẹni pé orúkọ ni. Ọmọ wa tọrọ àforíjì. Ó ní òun lè fi àṣẹ kan sí bátànì náà lójú ẹsẹ̀ pé bí ọdún ìjáde kò bá sí, kí ó fo ìlà náà. Kí ilẹ̀ tó ṣú, ó ti ṣe é. Ṣùgbọ́n ó fi ọ̀rọ̀ kan kún un.

“Bàbá, ẹ má bínú sà. Mo ti pa ìlà yẹn mọ́, àmọ́ wọn ò tíì hàn nínú ẹgbẹ́ kankan. Ọdún ìjáde ni ẹ ní kí n fi to gbogbo èèyàn.”

Ọ̀rọ̀ yìí ni kò jẹ́ kí a sùn. Àṣìṣe ti ẹ̀rọ ti tán. Èyí tí ó kù, ìwé tí a fi ọwọ́ ara wa kọ ni. Ẹnikẹ́ni tí ó bá tẹ ẹgbẹ́ ọdún wa yóò rí gbogbo wa, láti orí ẹni tí ó di adájọ́ dé orí ẹni tí ó kú ní ọdún kejì tí a jáde. Kò ní rí òun. A ti pa àmì ohùn orí orúkọ rẹ̀ mọ́ dáadáa, a sì ti yọ òun fúnra rẹ̀ kúrò láàárín wa.

Àwa àti ọmọ wa lọ bá a ní ilé ìtẹ̀wé rẹ̀ ní Ṣómólú, ní àdúgbò tí àwọn atẹ̀wé kún fọ́fọ́. A kò gbé àlàyé dání. A dọ̀bálẹ̀ díẹ̀, ó sáré gbé wa dìde, ó ní kí a má fi oyè àlùfáà wọ́lẹ̀ níwájú àwọn ọmọṣẹ́ òun. Ó ra ọtí ẹlẹ́rìndòdò fún wa. Lẹ́yìn náà ni ó kọjú sí ọmọ wa, tí ó bẹ̀rẹ̀ sí í bi í nípa iṣẹ́ rẹ̀, bí oníṣẹ́ ọwọ́ ti ń bi oníṣẹ́ ọwọ́. Ó mú ìwé rìsíìtì kan tí ó ń tẹ̀ fún oníbàárà, ó fi ìlà tí a fi àmì tó-tò-tó ṣe fún orúkọ hàn án.

“Ẹni wo lo fi dán tìẹ wò kó o tó gbé e jáde?”

“Àlùfáà ni, sà.”

Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ó ní, “Àlùfáà ní gbogbo nǹkan. Lọ́dọ̀ tiwa níbí, bí a bá fẹ́ tẹ fọ́ọ̀mù, orúkọ ẹni tó gùn jù la kọ́kọ́ ń kọ sí i, ká wò ó bóyá á gbà. Lẹ́yìn náà la óò wá ẹni tí kò ní nǹkan tá a ń béèrè. Fọ́ọ̀mù tó bá gba ẹni yẹn ló dáa.” Ọmọ wa kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀. Àwa náà kọ ọ́ sínú tiwa.

Ìpàdé tí a ṣe lẹ́yìn náà kò rọrùn bí ti ìṣáájú. Àgbà kan nínú ìgbìmọ̀ ní ẹni tí kò parí kò parí. Ó ní àwọn tí ó jókòó ṣe ìdánwò àṣekágbá ṣiṣẹ́ fún un, kò sì dára kí a da gbogbo rẹ̀ pọ̀ mọ́ra. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ kì í ṣe ọ̀rọ̀ tí a lè gbé jù sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. A dáhùn pé kí ohun tí olúkúlùkù ṣe wà lójú-ewé rẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má sì gba oyè tí kì í ṣe tirẹ̀. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ìdánwò ni ó sọ wá di ọmọ ilé ẹ̀kọ́ yìí. Ọjọ́ tí wọ́n kọ orúkọ wa sínú ìwé ńlá náà ni. Àwọn kan wá láti ilé ẹ̀kọ́ mìíràn ní fọ́ọ̀mù tiri, àwọn kan wá fún ọdún méjì ti kíláàsì kẹfà nìkan, àìsàn ni ó mú àwọn mìíràn lọ, ikú mú àwọn kan nínú aṣọ ilé ẹ̀kọ́. Ọ̀nà tí a gbà jáde kò dọ́gba. Gbogbo wa ni a wọlé.

Báyìí ni a ṣe fi “Ọdún tí ó wọlé” sí ipò àkọ́kọ́, tí a sì ń fi í to ẹgbẹ́. Ọdún ìjáde wà níbẹ̀ fún ẹni tí ó bá ní i. Ọmọ wa tún bátànì méjì ṣe, ó sì jẹ́ pé ní alẹ́ ọjọ́ kan náà ni gbogbo ojú-ewé ìkànnì yí padà. A wò ó pẹ̀lú ìbẹ̀rù díẹ̀. Wákàtí kan ni a fi jókòó ṣe ìpalára fún àwọn tí kì í ṣe ọ̀rẹ́ wa yìí nìkan. Nígbà tí ẹgbẹ́ ọdún wa ṣí, a rí orúkọ mẹ́ta mìíràn tí a ti gbàgbé pátápátá pé a jọ wà ní kíláàsì.

Ọ̀rẹ́ wa kò tí ì wá sí ìpàdé ẹgbẹ́ títí di àkókò tí a ń kọ ìwé yìí, a kò sì fi agbára mú un. Ṣùgbọ́n ó fi àwòrán kan ránṣẹ́ sí ọmọ wa pé kí ó fi sí àyè àwòrán: òun ni, ní fọ́ọ̀mù tú, nínú ṣòkòtò péńpé, ẹnì kan sì dúró tì í tí wọ́n ti gé ojú rẹ̀ kúrò lára àwòrán náà. A mọ apá ẹni náà. Tiwa ni. Nígbà tí ó pè wá lọ́sẹ̀ tí ó kọjá, “ìwọ” ni ó fi bá wa sọ̀rọ̀.

Ẹ̀bẹ̀ wa sí ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ àtijọ́ ni pé kí ẹ wo ojú-ewé yín, kí ẹ sì tún wo ti ẹni tí kò jáde pẹ̀lú yín. Bí ẹ bá rántí orúkọ tí kò sí níbẹ̀, ẹ fi ránṣẹ́ sí akọ̀wé. Ẹ̀yin òbí, ẹ kọ orúkọ ọmọ yín pẹ̀lú àmì rẹ̀ nígbà tí ẹ bá ń gba fọ́ọ̀mù, kí ẹ sì bèèrè ohun tí yóò ṣẹlẹ̀ sí àyè tí ẹ kò bá lè kọ nǹkan sí. Kí Ọlọ́run tí ó mọ olúkúlùkù wa ní orúkọ pa ilé ẹ̀kọ́ yìí mọ́, kí ó ṣe ilẹ̀kùn rẹ̀ ní ṣíṣí fún àwọn tí owó ń dá padà lẹ́nu ọ̀nà, kí ó sì jẹ́ kí a ṣe ọ̀pọ̀ àjọ̀dún mìíràn láyọ̀. Àmín.